Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ kékeré oníná fi ń kún? Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa ṣáàjì rẹ̀ láìsí ewu

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kékeré oníná, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé wákàtí mélòó ló máa fi kún. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ kì í sábà bá ohun tójú máa rí mu, torí pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń pinnu àkókò náà. Ibi mẹ́rin ni iná ń gbà kọjá kó tó dé inú bátìrì: wáyà ilé àti bìréékà rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ ìṣáàjì ara ògiri, wáyà ìṣáàjì, àti ṣájà tí wọ́n kọ́ mọ́ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Bí ẹ bá rọ́ gbogbo omi odò sórí àrọ, ẹnu àrọ ló máa sọ iye tó máa wọ kẹ́ẹ̀gì. Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ ńlá, ẹ kọ́kọ́ wá ẹnu àrọ tiyín.

Ìṣírò

Nọ́ńbà méjì péré ni ẹ nílò. kWh ni iye iná tí bátìrì lè gbà, bí ìgbà tí ẹ ń sọ iye lítà tí kẹ́ẹ̀gì gbà. kW ni bí iná ṣe ń yára wọlé sí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ kW, ẹ ka fólítì lọ́nà áńpíà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tó ń gbé 230 fólítì, tí ṣájà alágbèéká ń fa 10 áńpíà nínú rẹ̀, ń mú 2,300 wáàtì wá, ìyẹn 2.3 kW. Níbi tí iná ilé ti jẹ́ 120 fólítì, áńpíà 12 kò ju 1.44 kW lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ gba 30 kWh, tó wálé pẹ̀lú 20%, tí ẹ sì fẹ́ kó dé 80%. Ohun tó kù kó gbà jẹ́ 60%, ìyẹn 18 kWh. Ṣùgbọ́n gbogbo iná tó kúrò lára mítà kọ́ ló ń dé inú bátìrì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ń di ooru lójú ọ̀nà. Ẹ fi 20 kWh ṣírò. Ẹ wá fi kW pín in. Lórí 1.44 kW, ó máa gba wákàtí 14. Lórí 2.3 kW, ó máa gba nǹkan bí wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 40. Lórí áńpíà 16 ní 230 fólítì, tó jẹ́ 3.7 kW, ó máa gba wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 25. Lórí áńpíà 32, tó jẹ́ 7.4 kW, kò ní pé wákàtí 3. Lórí 11 kW onífésì mẹ́ta, kò ní pé wákàtí 2, bí ọkọ̀ náà bá lè gba fésì mẹ́ta.

Àdánù náà kì í dọ́gba. Bí ọkọ̀ bá ti ń gba iná, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú rẹ̀ kì í sùn, wọ́n ń jẹ nínú iná náà ni. Bí wọ́n bá ń jẹ 250 wáàtì, tí ẹ sì ń ṣáàjì lórí áńpíà 6, ìyẹn 1.38 kW, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ti lọ lórí wọn nìkan. Lórí 7.4 kW, 250 wáàtì yẹn kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa lo áńpíà 6 lójoojúmọ́ láìnídìí, àfi bí wáyà ilé kò bá gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí fólítì pẹ̀lú. Ṣájà kì í fi áńpíà dí fólítì tó bá já. Bí 230 bá di 190, áńpíà 10 náà kò ní ju 1.9 kW lọ mọ́, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 40 yẹn á sì di wákàtí 10 àbọ̀. Bó bá wá já jù, ọkọ̀ á dáwọ́ dúró pátápátá títí iná yóò fi gbé padà.

Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìṣírò kan tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí: kílómítà mélòó ni ẹ ń rìn lóòjọ́? Ọkọ̀ kékeré sábà máa ń jẹ kWh 12 sí 15 fún 100 kìlómítà. Ẹni tó ń rin 40 kìlómítà lójúmọ́ kò jẹ ju nǹkan bí 6 kWh lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpíà 10 lásán máa dá a padà láàárín wákàtí 3, ẹ ò sì tíì sùn jìnnà. Ẹ̀rọ 7.4 kW dára fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wálé ní òfìfo lálaalẹ́, tàbí tí àwọn méjì ń lo ọkọ̀ kan náà ní ọ̀sán àti òru. Ẹni tí kò bá sí nínú irú ipò yẹn lè fi owó rẹ̀ tún wáyà ilé ṣe dáadáa.

Ẹnu àrọ tó wà nínú ọkọ̀

Iná tó ń jáde lára ògiri jẹ́ AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), bátìrì kò sì mọ ohun mìíràn ju DC (iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo) lọ. Ṣájà inú ọkọ̀ ló ń yí èkíní sí èkejì, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn Nissan Leaf àkọ́kọ́, tí bátìrì wọn jẹ́ 24 kWh, ń jáde pẹ̀lú ṣájà 3.3 kW tàbí 6.6 kW. Smart EQ fortwo, tó jẹ́ 17.6 kWh, kò gba iná DC rárá, síbẹ̀ wọ́n ta èyí tó lè gba 22 kW AC lórí fésì mẹ́ta. Fiat 500 oníná tó jẹ́ 42 kWh ń gba 11 kW AC, ó sì lè gba DC títí dé 85 kW. Citroën Ami kéré débi pé bátìrì rẹ̀ kò ju 5.5 kWh lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ń kún un ní nǹkan bí wákàtí 3, kò sì nílò ohun mìíràn. Ẹ má ṣe fi ojú ìwọ̀n ọkọ̀ mọ bó ṣe ń gba iná. Ẹ wo ìwé rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ kW fún AC lọ́tọ̀, fún DC lọ́tọ̀.

Ọ̀ràn fésì ni ó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù. Ẹni kan ní ọkọ̀ tó lè gba 7.4 kW. Ó dé ibi ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 11 kW sí lára, inú rẹ̀ dùn, ó fi wáyà bọ̀ ọ́, 3.7 kW ló rí. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ọkọ̀ kò ṣàìsàn. Ẹ̀rọ 11 kW ń pín agbára rẹ̀ sórí fésì mẹ́ta, áńpíà 16 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó mọ fésì kan ṣoṣo kò lè mú ju áńpíà 16 tó wà lórí fésì kan yẹn lọ, 16 lọ́nà 230 sì ni 3.7 kW. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa rí 7.4 kW rẹ̀ pé lórí ẹ̀rọ 22 kW, torí pé áńpíà 32 ló wà lórí fésì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ilé, tí ọkọ̀ yín jẹ́ onífésì kan, áńpíà 32 lórí fésì kan ni kí ẹ béèrè, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà 11 tàn yín.

Wáyà ìṣáàjì náà ń sọ̀rọ̀. Nínú orí wáyà Type 2, irú èyí tí Yúróòpù ń lò, wọ́n fi rẹ́sísítọ̀ kékeré kan sí i tó ń sọ áńpíà tí wáyà náà lè gbé: 680 Ω (óòmù, òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́) túmọ̀ sí áńpíà 20, 220 Ω túmọ̀ sí 32. Bí ẹ bá mú wáyà áńpíà 20 lọ sídìí ẹ̀rọ áńpíà 32, áńpíà 20 lẹ máa rí. Bí wáyà yín bá tín-ín-rín ju ti ẹnikejì lọ, tí tirẹ̀ sì yára ju tiyín lọ lórí ẹ̀rọ kan náà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Orí wáyà

Type 1 ní ihò 5, fésì kan ló mọ̀. Ó pọ̀ lára ọkọ̀ Japan àti Amẹ́ríkà. Type 2 ní ihò 7, ó lè gbé fésì mẹ́ta, òun sì ni Yúróòpù mú. CCS ni Type 1 tàbí Type 2 tí wọ́n fi ihò DC ńlá méjì kún nísàlẹ̀. CHAdeMO, tó ti Japan wá, dá dúró lọ́tọ̀ ní ihò tirẹ̀. Ṣáínà ń lo GB/T, tó ní orí kan fún AC, òmíràn fún DC. NACS tí Tesla bẹ̀rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń yí sí báyìí.

Orí AC ti GB/T jọ Type 2 gan-an, ihò 7 ni òun náà ní, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ ara wọn, ẹ má sì fi agbára tì í. Àdápítọ̀ AC láàárín méjèèjì kò le, torí pé ìlànà ọ̀rọ̀ wọn súnmọ́ra. Ti DC ló le. Ọ̀nà tí GB/T àti CHAdeMO ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti CCS pátápátá, àdápítọ̀ tó bá máa so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tó ń túmọ̀ èkíní fún èkejì. Èyí tó bá jẹ́ ike àti irin lásán, ẹ má rà á.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri: ibi tí ewu pọ̀ sí jù

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ń gbé àyọ́nù aṣọ fún ọdún mẹ́wàá láìṣe wàhálà lè jó lálẹ́ ọjọ́ kan lábẹ́ ọkọ̀. Àyọ́nù ń tan, ó ń kú, ó ń tan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọkọ̀ ń fa áńpíà 10 láìsinmi fún wákàtí 8. Ibi tí irin púlọ́ọ̀gì bá ti fara kan irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ìfarakanra yẹn kò bá dán mọ́rán, tó ní 0.1 Ω péré, áńpíà 10 máa dá ooru 10 wáàtì síbẹ̀. Áńpíà 16 máa dá wáàtì 25 ó lé. Àyọ́nù kékeré tí àwọn alátùn-únṣe rédíò fi ń yọ́ òjé mọ́ wáyà kò ju 25 wáàtì náà lọ. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n ki irú rẹ̀ sínú ògiri yín láti alẹ́ títí di ìdájí. Bí ooru bá sì ti mú irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, dídi tó fi ń di púlọ́ọ̀gì mú á dẹ̀, ìfarakanra á tún burú sí i, ooru á tún ga.

Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣáàjì lójú ara yín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú púlọ́ọ̀gì. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kò burú. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ sí i títí ẹ ó fi ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ dá a dúró láti inú ọkọ̀, ẹ pa bìréékà, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ wo ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì náà: bí etí ihò kan bá ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi iná yan án, tàbí tí òórùn ike jíjó ń jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe tún irin inú rẹ̀ fún pọ̀. Ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú bí irin rẹ̀ bá ti dúdú, torí irin tó ti jó máa ba sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́.

Ẹ̀sténṣọ̀n jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ yẹra fún. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ èyí tí wáyà inú rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm², ẹyọ kan tí kò ní oríkèé, kí ẹ sì tú u tán pátápátá kúrò lára agbá rẹ̀. Wáyà tó wà ní wíwé ń fi ooru pa ara rẹ̀: èyí tó wà láàárín kò rí ibi tí ooru rẹ̀ máa gbà jáde. Ẹ dín áńpíà kù sí 8 tàbí 6 lórí ṣájà tàbí nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kan ẹ̀rọ áńpíà 32 mọ́ ògiri, oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kó ṣe é. Ohun tó yẹ kí ẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wáyà bàbà 6 mm², ó kéré tán, tó ti inú bọ́ọ̀dù wá tààrà, tí kò gba ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn kọjá. Bìréékà tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ áńpíà 40. Àti ẹ̀rọ agbẹ̀mílà tó ń já bí 30 mA bá ń jò sílẹ̀ (mA ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpíà). Ọkọ̀ oníná lè jo DC díẹ̀ padà sínú wáyà, DC yẹn sì lè fọ́ agbẹ̀mílà lásán lójú tí kò fi ní já lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ yín ní ohun tó ń mọ DC tó bá tó 6 mA nínú rẹ̀. Bí kò bá ní in, agbẹ̀mílà Type B ni kó lò. Bí ọ̀nà bá jìn láti bọ́ọ̀dù dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, 10 mm² ló dára.

Bí a ṣe ń fi wáyà sí i, bí a ṣe ń yọ ọ́

Bí ẹ bá ń lo ṣájà alágbèéká, ògiri ni ẹ kọ́kọ́ fi sí. Ẹ dúró kí àwọn iná kéékèèké ara rẹ̀ tàn kí wọ́n sì dúró sójú kan, nígbà náà ni kí ẹ fi sínú ọkọ̀. Nígbà yíyọ, ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde, ògiri tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fa púlọ́ọ̀gì ògiri nígbà tí iná ṣì ń ṣàn máa tan iná wẹ́rẹ́ láàárín irin méjèèjì, díẹ̀díẹ̀ nìyẹn á sì fi máa jẹ ojú irin náà.

Kò sí iná líle kankan lórí wáyà kí ọkọ̀ tó gbà á. Ihò kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ̀rọ àti ọkọ̀ fi ń kí ara wọn. Ẹ̀rọ ń fi àmì 12 fólítì ránṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá wọlé, àmì náà á já sí 9. Bí ọkọ̀ bá ṣe tán láti gba iná, á já sí 6. Ìgbà yẹn ni ẹ máa gbọ́ tí nǹkan dún "kọ́" nínú ẹ̀rọ náà, tí iná gidi wá wọlé. Inú àmì yẹn kan náà ni ẹ̀rọ ti ń sọ iye áńpíà tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ẹ kò bá gbọ́ "kọ́" yẹn, àìgbọ́ra-ẹni-yé ló wà láàárín wọn: ẹ tì í wọlé dáadáa, ẹ nu ìdọ̀tí orí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ ti ṣètò aago sínú ọkọ̀ pé kó dúró di òru. Aago yìí ló ń da èèyàn láàmú jù lọ, ó sì rọrùn jù lọ láti tún ṣe.

Ẹ̀rọ DC ayára-bí-àṣá

Ẹ̀rọ DC ń fo ṣájà inú ọkọ̀, ó ń lọ bá bátìrì tààrà. Síbẹ̀ ọkọ̀ ló ṣì ń sọ iye tó fẹ́. Dacia Spring àkọ́kọ́ tí wọ́n fi DC sí kò gbà ju 30 kW lọ. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ 150 kW fẹ́ ṣe fún un. Bí ọkọ̀ 30 kWh wa bá ń gba 30 kW láròpín láti 20% dé 80%, ìṣẹ́jú 36 ni.

Lẹ́yìn 80%, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ẹni tó ń bu omi sínú ìgò ṣe ń dín ọwọ́ kù bí omi bá dé ọrùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ń ṣe, torí fólítì sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè. Ìdá 20 tó kẹ́yìn lè gba àkókò tó tó ti 60 tó ṣáájú. Àǹfààní wà nínú kí ẹ dé ibi ẹ̀rọ pẹ̀lú 10% tàbí 15%, torí ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gba iná jù.

Òtútù ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Bí bátìrì bá tutù dé òdo °C, líthíọ̀mù kì í ráyè wọnú ibi tó yẹ kó wọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ bí irin, ìbàjẹ́ yẹn kì í sì í tún ṣeé dá padà. Nítorí náà ọkọ̀ á dín iná kù fúnra rẹ̀. Ẹ ṣáàjì nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn, tí bátìrì ṣì gbóná. Ní ìgbà ooru, ìdàkejì ni. Leaf ìran kìíní àti ìkejì kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Bí ẹ bá fi DC ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà lẹ́yìn eré gígùn, ìgbà kejì máa lọ́ra gan-an. Ẹ gbé e sí abẹ́ ibòji kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

80 tàbí 100?

Ẹ wá orúkọ bátìrì nínú ìwé ọkọ̀. Bó bá jẹ́ NMC (èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì, máńgánísì àti kóbáọ̀tì ṣe), 80% tó fún ojoojúmọ́, kí ẹ fi 100% sílẹ̀ fún òwúrọ̀ ìrìn àjò, kí ẹ sì gbéra láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá kún. Bó bá jẹ́ LFP (èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe), ẹ jẹ́ kó dé 100% ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, torí fólítì LFP fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láàárín, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í sì í mọ iye tó kù dájú àfi bó bá kan òkè. Ọkọ̀ tó máa dúró lójú kan fún oṣù kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 50%.

Bí ó bá kọ̀

Bí iná pupa bá tàn lára ṣájà kété tí ẹ fi sí ògiri, wáyà ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì. Ṣájà ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ti ń kùnà: wọn kò so wáyà nútírà wọn mọ́ ilẹ̀, ṣájà á sì rò pé áàtì ti já. Oníṣẹ́ iná lè so ó bó ṣe yẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ṣájà jẹ nípa yíyọ áàtì kúrò, torí òun ni kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ gbé iná bí nǹkan bá jò. Jẹnẹrétọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ju agbára tí ẹ fẹ́ fà lọ dáadáa, fún 2.3 kW, kó lè gbé 3 kW láìsinmi.

Bó bá ń já bìréékà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ooru ni, kì í ṣe jíjò: wáyà tàbí bìréékà kéré, tàbí nǹkan mìíràn ń pín in lò. Bó bá ń já lójú ẹsẹ̀, ẹ wo omi nínú orí wáyà.

Bí ọkọ̀ bá kú fin-ín, tí kò mọ̀ pé ẹ ti fi wáyà sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì kékeré 12 fólítì ló ti rọ̀. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà tó máa gba iná. Bátìrì ńlá lè ṣì ní 70% kó má lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́: bó bá wà lábẹ́ 12 fólítì, ẹ ṣáàjì rẹ̀ lọ́tọ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí orí wáyà bá há sínú ọkọ̀ lẹ́yìn tó kún, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ kó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ti orí wáyà náà síwájú díẹ̀ kí ìdè inú rẹ̀ lè tú, nígbà náà ni kí ẹ fà á. Bó bá ṣì há, okùn tàbí ọ̀pá kékeré kan sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí nínú búùtù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá a nínú ìwé ọkọ̀ báyìí, nígbà tí nǹkan kò tíì há.